“O Kú Iṣẹ́” Tó Fọ́ Àwo Obì Màámi

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi, torí àwọn kan ti ń gbé e kiri Mákùn ní Ṣàgámù pé mo sọ igi lu àbúrò bàbá mi. Irọ́ ni! Irọ́ gbáà ni! Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí o. Ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn títí ó ti sú mi. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi lẹ́tà tẹ̀, ẹ gbójú fò ó. Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ń dùn mí díẹ̀, ẹ sì máa gbọ́ ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé télọ̀ ni mí. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà tí mo máa ń ṣe fún ìgbádùn ara mi: mo máa ń yí igi. Mo ní maṣíìnì kan lẹ́yìnkùlé Màámi ní Mákùn níbí, àwọn kápẹ́ńtà ń pè é ní léètì. Á di igi mú ṣinṣin, á máa yí i gbirigbiri, èmi á wá fi irin ìgbẹ́gi kàn án bó ṣe ń yí. Èérún igi á máa tú jáde bí ìgbà tí wọ́n ń bó iṣu, títí igi yẹn á fi di àwo, tàbí ife, tàbí ohun tó bá ṣáà wù mí lọ́jọ́ yẹn.

Kí ló wá kan télọ̀ kan igi? Ìbéèrè tí gbogbo àdúgbò ń bi mí nìyẹn! Ọkùnrin á jókòó ti ayò látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé kí ló ń rí níbẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo dúró ti maṣíìnì ní ọ̀sán Sátidé, gbogbo èèyàn wá di lọ́yà! Ṣé ó ń ta á ni? Ṣé ọkọ ẹ̀ mọ̀ sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbádùn! Inú mi ń dùn tí mo bá ń ṣe é, ó tán.

Mi ò sì sọ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe jù o. Orí fídíò ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ti ba igi jẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Mo ti gbẹ́ ìdí àwo kan títí ó fi lu rí, ó wá dà bí ohun tí àwọn elépo fi ń da epo sínú ìgò. Mo rẹ́rìn-ín ara mi lọ́jọ́ yẹn, mo gbé igi mìíràn. Igi mìíràn ṣáà wà.

Ṣùgbọ́n igi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, kò sí ìkejì ẹ̀.

Obì ni Màámi tà tí wọ́n fi tọ́ wa. Ẹni bá mọ Ṣàgámù á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: apẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, ewé tútù lórí apẹ̀rẹ̀, òórùn obì nínú aṣọ ilé ìwé wa. Igi obì kan wà lórí ilẹ̀ bàbá mi lápá Ìbídò. Nígbà tí bàbá mi gbé Màámi níyàwó, igi yẹn ni wọ́n nàka sí, wọ́n ní tìrẹ nìyẹn. Obì tí Màámi kọ́kọ́ tà láyé wọn, orí igi yẹn ló ti wá. Bàbá mi ti kú báyìí, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Igi náà ló ṣẹ́ kù tí Màámi fi ń dárúkọ wọn.

Nígbà òjò ọdún tó kọjá, ìjì kan jà, ó wó igi náà lulẹ̀. Kí n tó gbọ́, kí n tó wọ ọ̀kadà débẹ̀, wọ́n ti là á, wọ́n ti fi dáná! Gbogbo ẹ̀! Ìtì kan ṣoṣo ló kù, ẹnì kan sì ti gbé e sábẹ́ ibòji, ó ń jókòó lé e. Mo ní kó dákun dìde. Ó dìde, ó ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè, mo gbé ìtì igi mi, mo bá tèmi lọ.

Mo ní láti sọ èyí fún yín kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín: ojú Màámi ti ń ṣú. Àwọn dókítà ti ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe. Ọwọ́ ni Màámi fi ń mọ nǹkan báyìí. Bí mo ṣe gbé ìtì igi náà dé, wọ́n fọwọ́ pa á káàkiri, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ní, “Obì mi nìyí.” Wọ́n wá ní kí n fi ṣe àwo kan fún àwọn, tí àwọn á máa fi obì sí fún àlejò.

Màámi kì í bèèrè nǹkan o. Tẹ́ ẹ bá ra aṣọ fún wọn, wọ́n á bá yín jà pé èyí tó wà nílé ò tíì gbó. Èyí ni wọ́n fẹnu ara wọn bèèrè lọ́wọ́ mi. Igi kan ṣoṣo, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ẹ ò ní bẹ̀rù?

Ẹ̀rù bà mí. Mo rọra ṣe é. Igi tútù kì í ṣeé parí lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń lọ́ tó bá ń gbẹ. Torí náà mo kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ kó ṣì nípọn, mo fi èérún ara ẹ̀ bò ó nínú àpò, mo gbé e síbi tí oòrùn ò dé. Màámi máa ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á kó ọwọ́ bọ inú àpò, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ wọn lọ yíká etí àwo náà, wọ́n á bi mí pé ṣé kò tíì gbẹ ni. Wọ́n ti mọ ìwọ̀n ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwo náà tóbi, ó funfun, àárín ẹ̀ wá pọ́n díẹ̀ bí oyin.

Nígbà tó gbẹ tán, mo gbé e padà sórí maṣíìnì lọ́sàn-án Sátidé kan. Mo wọ ìbojú oníke mi, mo fi nǹkan dí etí méjèèjì torí ariwo. Ìta ti dára. Inú ló kù, etí òkè níbi tó ti fẹ́lẹ́ jù lọ. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ gbọ̀n! Tí irin bá ṣi ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àwo ti lọ. Mo mú èémí mi dání, mo ń lọ díẹ̀díẹ̀, èérún ń jáde bí òwú. Wàláì, inú mi dùn lásìkò yẹn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín nínú ìbojú.

Ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré wọlé dé.

Bàbá Kékeré ni àbúrò bàbá mi, àwọn ni àgbà ilé wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Tírélà ni wọ́n ń wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ràn kí èèyàn kí wọn dáadáa. Mo sì máa ń kí wọn dáadáa! Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa. Èmi kì í ṣe ọmọ tó ń tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tí èéfọn jẹ lẹ́sẹ̀. Mo máa ń kúnlẹ̀ kanlẹ̀ ni. Ẹ tiẹ̀ wò ó, inú ń bí mi tó báyìí, mo ṣì ń sọ pé “wọ́n” fún wọn. Ilé tí wọ́n ti kọ́mọ ni mo ti wá.

Bàbá Kékeré gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, wọ́n dúró sẹ́yìn mi. Mi ò rí wọn, mi ò sì gbọ́ wọn. Ó jọ pé wọ́n retí kí n kí wọn, mi ò kí wọn. Wọ́n ní “O kú iṣẹ́ o,” mi ò dáhùn. Wọ́n tún un sọ, mi ò dáhùn. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni mo gbọ́ gbogbo èyí o, torí lásìkò yẹn, ariwo maṣíìnì nìkan ló wà létí mi.

Ṣé èèyàn ò lè wò ó pé ọmọ yìí dí etí? Ṣé wọn ò rí i pé nǹkan ń yí níwájú mi? Rárá! Ohun tí Bàbá Kékeré ṣe ni pé wọ́n fi ọwọ́ gbá mi léjìká, pàá! Wọ́n wá tẹnu bọ etí mi, wọ́n pariwo, “Sìdíkátù! Ṣé o ò rí mi ni?”

Ẹ gbọ́ ohun tí ara mi ṣe. Mi ò rò ó. Mi ò pa maṣíìnì. Mi ò gbé irin kúrò. Orúnkún mi ti gbọ́ ohùn àgbà, orúnkún mi kúnlẹ̀! Òun fúnra ẹ̀! Irin wà lọ́wọ́ mi, igi ń yí, èmi ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ káàsán sà” lẹ́nu!

Gbàmù!

Irin wọ etí àwo, maṣíìnì pariwo, ọwọ́ mi gbá irin tí mo máa ń gbé ọwọ́ lé. Ègé kan ya kúrò lára àwo náà, ó tó àtẹ́lẹwọ́, ó fò kọjá lórí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ó lọ ba fìlà Bàbá Kékeré, ó ṣí i kúrò lórí wọn, ó lu páànù lẹ́yìn wọn gbàà. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ fìlà. Tí mi ò bá kúnlẹ̀ ni, ojú mi ni ì bá bá, ìbojú oníke yẹn kọ́ ló máa gbà á.

Mo pa maṣíìnì. Mo wo àwo náà, ihò gbàǹgbà létí ẹ̀, bí ẹni tí eyín iwájú ti yọ. Mo wo Bàbá Kékeré, wọ́n ń wá fìlà wọn. Mo wá la ẹnu, mo pariwo, “Bàbá Kékeré, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?”

Bẹ́ẹ̀ ni, mo pariwo mọ́ àgbà. Mo sọ ọ́, mi ò fi pa mọ́ fún yín. Ìka mi ń ṣẹ̀jẹ̀, àwo Màámi ti fọ́, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Kí n ní “Ẹ kú ilé”?

Ẹ̀yin ń retí pé wọ́n á ní pẹ̀lẹ́, àbí? Èmi náà retí ẹ̀. Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n gbọn ọ́n, wọ́n dé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ègé igi tó fò náà, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn máa mú un lọ kí ẹbí lè rí ohun tí mo jù lu àwọn. Wọ́n fi í sápò. Wọ́n jáde!

Ohun tí mo jù lù wọ́n!

Kí n tó fi aṣọ di ìka mi tán, ọ̀rọ̀ ti dé orí Wàsáàpù ẹbí. Bàbá Kékeré ti ya fọ́tò ègé igi náà lórí tábìlì wọn, wọ́n sì ti fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní mo rí àwọn, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn kí mi, mo sọ igi lu àwọn. Wọ́n ní mo wá tún bú àwọn lé e. Gbogbo ẹbí ń fi àwòrán ẹni tó ń sunkún ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré. Ẹnì kankan ò bi mí pé báwo ni ọwọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Mufu, pè mí láti Èkó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, àgbà ni Bàbá Kékeré, kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Mo ní kíkúnlẹ̀ yẹn gan-an ló fa wàhálà! Kò yé wọn. Mo fi fóònù sílẹ̀.

Ọkọ mi náà ní kí n ṣáà bẹ̀ wọ́n kó tán. Mo bi wọ́n pé kí n bẹ̀ wọ́n fún kí ni? Wọ́n ní fún àlàáfíà. Háà! Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló máa ń fi orúnkún ra àlàáfíà fún gbogbo ilé? Ẹ dá mi lóhùn!

Àmọ́ Màámi ló ba ọkàn mi jẹ́ jù. Wọ́n ní kí n gbé àwo náà wá. Mo gbé e wá, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yíká etí ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ń lọ, ó ń lọ, ó wá já sí ihò yẹn, ó dúró. Wọ́n fi ìka wo ibi tó ya náà. Wọ́n ní, “Hẹ̀n-ẹ́n.” Wọ́n gbé e padà fún mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Mo rò ó pé tí mo bá rí ègé yẹn gbà, mo lè fi gúlù lẹ̀ ẹ́ padà. Ibi tí igi bá ti ya dáadáa, á padà bára mu. Ọwọ́ Màámi á rí àmì, àmọ́ àwo á ṣì tóbi bó ṣe tóbi. Torí náà mo gbé ìbínú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lọ sílé Bàbá Kékeré. Torí Màámi nìkan!

Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti na ẹsẹ̀ lórí àga. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú pé mo pariwo mọ́ wọn. Wọ́n kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ títí ẹsẹ̀ mi fi kú: bí ọmọ ṣe ń kí àgbà láyé àtijọ́, bí obìnrin ṣe gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tó tọ́ sí òun, bí bàbá mi ì bá ṣe bínú tí wọ́n bá wà láàyè. Mo ń ní bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí.

Mo ní ẹ ṣé sà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ègé igi yẹn, kí n lè fi tún àwo Màámi ṣe.

Wọ́n ní, “Igi wo?”

Mo ní èyí tí ẹ mú lọ́jọ́ náà sà, èyí tí ẹ ya fọ́tò ẹ̀.

Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i. Ẹ mọ ibi tó wà? Abẹ́ ilẹ̀kùn! Wọ́n ti fi há ilẹ̀kùn pálọ̀ kí atẹ́gùn má máa tì í! Wọ́n ti fi nǹkan gbá a wọlé, ó ti là sí méjì, ìdọ̀tí bàtà gbogbo ilé ti wọ̀ ọ́ lára. Igi obì tí bàbá mi nàka sí pé ti ìyàwó òun ni!

Mo dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mi ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí, ohùn mi tiẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo ní, “Bàbá Kékeré, nígbà tí ẹ ń wa tírélà, tí ẹ bá rí ẹ̀gbọ́n yín lẹ́bàá títì, ṣé ẹ máa ń fi sítíárìn sílẹ̀ lórí eré kẹ́ ẹ lè dọ̀bálẹ̀ fún wọn?”

Mo tún ní, “Tí ẹnì kan bá wá gbá yín léjìká níbi tẹ́ ẹ ti ń wa ọkọ̀ pé ẹ ò kí òun ńkọ́?”

Wọ́n ní tírélà ni tírélà, ohun ìṣeré ni tèmi. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n lọ sọ fún ọkọ mi pé mo ti ń ya aláfojúdi. Mo lọ. Mo ń sunkún ìbínú lórí ọ̀kadà débi pé ọlọ́kadà bi mí bóyá èèyàn mi kú. Mo ní rárá, àwo ni.

Mo fi aṣọ bo maṣíìnì náà. Mo ní mi ò yí igi mọ́ láyé mi. Mo gbé àwo tó fọ́ náà sábẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi, mi ò fẹ́ kí ojú mi máa rí i, mi ò sì lè jù ú nù.

Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tí oníbàárà mi kan wọlé pẹ̀lú ẹkún. Ó gbé gáùn kan lọ́wọ́, áyọ́ọ̀nù ti jó o nísàlẹ̀, ihò ràgàjì. Aṣọ tí ọkọ ẹ̀ rà bọ̀ láti ìrìn àjò ni, kò sì sí irú ẹ̀ lọ́jà. Ó ní ṣé mo lè lẹ nǹkan mọ́ ọn. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo wò ó. Mo ní kó nu ojú ẹ̀, kò sí ohun tí a fẹ́ lẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, “A máa gé ibi tó jó kúrò ni, gbogbo ẹ̀ yíká. Kò ní jẹ́ gáùn mọ́, á di bùláòsì. Àmọ́ aṣọ náà náà ṣì ni.”

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi báyìí, mo bojú wo abẹ́ tábìlì.

Ẹ wo orí mi! Láti ọjọ́ yìí, ibi tó ya ni mò ń wò, ègé tó sọnù ni mò ń lé kiri. Aṣọ ni mò ń gé láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Mo ti sọ gáùn di bùláòsì, mo ti sọ bùláòsì di aṣọ ọmọdé. Kò wá sí mi lọ́kàn pé mo lè sọ àwo di àwo tó kéré jù ú lọ!

Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, mo padà sí ẹ̀yìnkùlé Màámi. Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo fi irin há a. Ẹni bá fẹ́ kí mi kó kí ògiri! Mo gbé àwo náà sórí maṣíìnì, mo rí i pé ibi tó ya náà ti sán díẹ̀ lọ sísàlẹ̀, mo fi súpá gúlù dì í kó má baà tún là. Ẹ̀rù ń bà mí, torí tí ó bá tún ya lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìdá mìíràn tó kù. Mo pọ́n irin mi títí ó fi ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé etí ẹ̀ wálẹ̀, yíká, yíká, díẹ̀díẹ̀.

Ihò náà ń kéré sí i. Mo ń gé, ó ń kéré. Ó wá ku bí ibi tí eku jẹ. Mo tún gé. Ó lọ! Etí àwo náà wá lọ yíká láìsí ibi tó já. Mo pa maṣíìnì, mo jókòó sínú èérún igi, mo sunkún. Mo rò pé inú dídùn ni, àmọ́ ìbínú wà níbẹ̀ náà. Àwo ńlá ni Màámi ní kí n ṣe. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ò ju èyí tó máa gba obì díẹ̀ lọ.

Mo gbé e lọ bá Màámi. Ọwọ́ wọn lọ yíká, ó sì tètè dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó kéré. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n tún fọwọ́ lọ yíká, wọ́n ní àmọ́ kò sí ibi tó gé mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n wá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi lẹ èyí tó ya mọ́ ọn. Mo sọ ibi tí mo ti rí i fún wọn, àti ipò tó wà. Wọ́n gbé àwo náà sórí itan wọn, ọwọ́ wọn ò kúrò lára ẹ̀ títí wọ́n fi lọ kírun.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo ẹ̀.

Bàbá Kékeré máa ń yà kí Màámi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n dé ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹbí kan wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n ní hùn-ún, wọn ò wojú mi. Màámi nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n gbé àwo kékeré náà jáde, obì wà nínú ẹ̀, wọ́n gbé e síwájú Bàbá Kékeré.

Bàbá Kékeré mú obì kan. Wọ́n wo àwo náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé torí nǹkan tí kò ju ìbòrí ìkòkò yìí lọ ni Sìdí ṣe fẹ́ da ilé rú? Wọ́n ní ó mà kéré o.

Màámi kọjú sí ibi tí ohùn wọn ti ń wá. Ohùn Màámi tutù, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Wọ́n ní, “Ó tóbi tẹ́lẹ̀, Bàbá Kékeré. Ìyókù ẹ̀ ló ń há ilẹ̀kùn fún yín nílé.”

Ẹ̀yin èèyàn mi! Obì ti súnmọ́ ẹnu Bàbá Kékeré, kò wọlé. Wọ́n rọra dá a padà sínú àwo. Wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n ní ó dàárọ̀, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú rárá.

Wọ́n ti fi ègé náà ránṣẹ́ padà, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, mo ṣáà gbé e sórí pẹpẹ lókè maṣíìnì. Wọn ò sọ pẹ̀lẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún wá lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n gba iwájú wá, wọ́n dúró síbi tí ojú mi ti lè rí wọn, wọ́n na ọwọ́ sókè bí ẹni ń dá mọ́tò dúró. Mo parí ibi tí mo ń gbẹ́. Mo pa maṣíìnì. Mo bọ́ ìbojú. Mo wá kúnlẹ̀ kanlẹ̀, mo kí wọn dáadáa. Ta ló kú?

Ṣé inú ṣì ń bí mi? Ó ń bí mi! Tí mo bá rí Màámi tí wọ́n ń wá àyè fún obì kan sí i nínú àwo yẹn, tí kò gbà á, inú á tún bí mi lákọ̀tun. Ẹni tó bá ní kí n gbàgbé ẹ̀, kó wá fúnra ẹ̀ tún un ṣe tóbi.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹ̀yin àgbà, a kì í ṣe aláìníwà tí a ò bá kí yín pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Ẹ dúró síbi tí a ti lè rí yín, ẹ jẹ́ kí ohun tó ń yí dúró ná, ìkíni yín ò ní ṣàì dé etí wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, tí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má kàn máa lé èyí tó fò lọ kiri. Ẹ wo èyí tó kù lọ́wọ́ yín dáadáa. Ẹ sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn!

Ó ti kàn yín. Ta ló ti ba iṣẹ́ jẹ́ rí torí pé ẹnì kan kí i lásìkò tí kò yẹ? Ìwọ tó ń din àkàrà, ìwọ tó ń gé irun, ìwọ tó wà lórí àkàbà, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Ẹ kọ tiyín sí ìsàlẹ̀ ibí yìí, mò ń kà á. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ kọ́kọ́ kí mi o, ẹ lọ tààrà sórí ọ̀rọ̀. Ẹ ò mọ̀ bóyá irin wà lọ́wọ́ mi.